Wágùnnù Ẹrù àti Ìtàn Ojú Irin Èkó sí Kánò

Nígbà tí àwọn àgbà wa kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n pè é. Orúkọ náà bá a mu. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi sì ni kí ó kó ẹrù wá, kí ó sì kó ẹrù lọ. Ènìyàn a máa wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ni ó ni ọkọ̀. Lóde òní, bí a bá ń sọ ìtàn rélùwéè ní ilẹ̀ wa, èrò ọkọ̀ ni a sábà máa ń rántí: ẹni tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé tí ó ń wo igbó, àwọn obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní ìdíkọ̀, fèrè tí ń dún ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ìtàn dídùn ni. Ṣùgbọ́n nítorí ẹrù ni ìjọba ṣe na irin tí ó tó nǹkan bí 700 máìlì láti Èkó dé Kánò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn ọ̀nà náà dájú, kí ó fi kọ́ọ̀ṣì èrò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ìdíkọ̀ níbi tí àwọn wágùnnù dúró sí, kí ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ẹ gbé wá? Ta ni ó ni ín? Kí ni ẹ óò gbé padà?

Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Mo sì fẹ́ kí a gba ọ̀nà kan dé ibẹ̀ tí ó lè jọ eré ọmọdé lójú àwọn ẹlòmíràn, èyíinì ni iṣẹ́ àwọn àgbàlagbà tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe àwòṣe kékeré ọkọ̀ ojú irin nínú ilé. Irú wọn pọ̀ ní Ìlú Ọba, ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà àti ní Ọsirélíà. Mo gbà pé wọ́n ní ẹ̀kọ́ kan láti kọ́ àwa tí ń kọ ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ńlá náà kí a tó dé orí èyí tí ó kéré.

Bí ọ̀nà náà ṣe dé

Kí irin tó dé, orí ènìyàn àti inú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni ẹrù ń gbà. Láti Èkó, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ a máa gba odò Ògùn lọ sí Abẹ́òkúta. Láti ibẹ̀ lọ, orí aláàárù ni. Bí a bá ní aláàárù kan lè ru 60 pọ́ùn, tí tọ́ọ̀nù kan sì jẹ́ 2,240 pọ́ùn, a óò rí i pé ó tó ènìyàn 37 kí tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tó lè kúrò nílẹ̀. Wágùnnù kan tí ó gba tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn tí ó lé ní 370, kò sì béèrè oúnjẹ lójú ọ̀nà. Kí a má ṣe gbàgbé ìṣirò yìí, nítorí òun ni ó ṣàlàyé ohun gbogbo tí ó tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìhà Èkó. Ìbú ọ̀nà náà, láti irin kan sí èkejì, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íǹṣì mẹ́fà. Ó há ju ti Ìlú Ọba lọ, níbi tí ó ti jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ àbọ̀. Owó ọ̀nà tóóró kò pọ̀ tó ti ọ̀nà gbòòrò, ó sì rọrùn fún un láti yí ẹsẹ̀ òkè po láìjẹ́ pé a gé ilẹ̀ púpọ̀. Ọ̀nà náà gba Abẹ́òkúta kọjá, ó wọ Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 1901. Nǹkan bí máìlì 120 ni láti Èkó dé ibẹ̀. Irin dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909.

Ní òdìkejì odò, ìjọba Àríwá kò jókòó. Sir Percy Girouard, ẹnjiníà tí ó ti na irin ní Sudan rí, ni ó wá ṣe olórí ìjọba níbẹ̀ ní 1907. Lábẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Baro, ìlú kan létí odò Ọya, lọ sí Kánò. Irin wọ Kánò ní 1911. Ọ̀nà méjèèjì pàdé ní Minna, ní oṣù kẹwàá ọdún 1912 ni a sì pa wọ́n pọ̀ di rélùwéè kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ọkọ̀ omi ni ó ń gbé wágùnnù sọdá ní Jẹ́bà títí a fi parí afárá ibẹ̀ ní 1916.

Òwú ni wọ́n fẹ́, ẹ̀pà ni wọ́n rí

Kí ni àwọn tí ó na irin dé Kánò ń retí? Òwú ni. Àwọn onílé-iṣẹ́ ìhunṣọ ní Manchester àti àgbègbè rẹ̀ ń ra òwú lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, wọn kò sì fẹ́ gbára lé ọjà kan ṣoṣo mọ́. Ní 1902 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní British Cotton Growing Association sílẹ̀, kí òwú lè máa jáde láti àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn tí ó ń rọ ìjọba pé kí irin dé Kánò kíákíá.

Irin dé. Wágùnnù dúró, ó ń retí òwú. Ẹ̀pà ni ó rí. Ní ọdún 1913, ẹ̀pà tí ó jáde ní ilẹ̀ wa lọ sí òkè òkun ju ìlọ́po márùn-ún ti ọdún 1912 lọ. Àwọn àgbẹ̀ Kánò ti jókòó, wọ́n ti ṣírò. Òwú tí wọ́n ń gbìn, àwọn ahunṣọ ìlú wọn ń rà á ní iye tí ó ju èyí tí òyìnbó fẹ́ san lọ. Bí owó ẹ̀pà bá sì já lulẹ̀, àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹ ẹ̀pà, ṣùgbọ́n ta ni ó lè jẹ òwú? Ní ìhà kejì, àwọn oníṣòwò Haúsá tí ó ti mọ gbogbo abúlé nípa òwò obì àti ẹran ọ̀sìn rán àwọn aṣojú wọn lọ sí oko pẹ̀lú aṣọ àti iyọ̀, wọ́n ń rọ àgbẹ̀ pé kí ó gbin ẹ̀pà. Òróró ẹ̀pà sì ń tà ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe ọṣẹ àti bọ́tà àfarawé. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé òyìnbó na irin, ọmọ ilẹ̀ sì yan ẹrù.

Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ olówùú náà ní ẹ̀rọ tí ń ya kóró òwú sọ́tọ̀ ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kòkó ni ó borí. Jacob Kehinde Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oko kòkó ní àgbègbè Agége, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wá ṣe lébìrà ní oko wọn kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó, wọ́n kó irúgbìn padà sí ilé. Nígbà tí ó yá, kòkó di ẹrù pàtàkì lójú irin láti Ìbàdàn wá sí Èkó, pẹ̀lú ekùrọ́ àti epo pupa tí ó ti ń gba ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra irè oko kọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn sí Gbági àti Dùgbẹ̀, nítòsí ìdíkọ̀. Ní Òṣogbo pẹ̀lú, irin ni ó fa àwọn oníṣòwò wá.

Ẹrù mìíràn tún wà tí kò sí nínú ìwé ètò ẹnikẹ́ni, èyíinì ni obì. Láti ayébáyé ni Kánò ti ń jẹ gbànja. Igbó Góòlù Kóòsì, tí ó di Gánà ní 1957, ni ó ti ń wá, tí àwọn oníṣòwò sì ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rù ú gba Salaga lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Nígbà tí ọkọ̀ òkun àti ọkọ̀ ojú irin dé, gbànja bẹ̀rẹ̀ sí í gba òkun wá sí Èkó, ó sì ń ti Èkó wọ wágùnnù lọ sí Kánò. Àwọn àgbẹ̀ wa rí i bí ó ti ń kọjá lójú wọn. Wọ́n ní, ṣé ilẹ̀ tiwa kò lè so ó ni? Wọ́n gbìn ín sí Agége, wọ́n gbìn ín sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, títí gbànja ilé fi gba ọjà lọ́wọ́ ti òkèèrè. Àwọn Haúsá olóbì tẹ̀dó sí Agége, wọ́n ń rà á, wọ́n ń fi ewé dì í kí ó má baà gbẹ, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn lókè. Màlúù, àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti kánún ń bá ọ̀nà kan náà sọ̀kalẹ̀ wá. Ní ti òwò yìí, Yorùbá àti Haúsá ni ó ni ẹrù. Òyìnbó ni ó kàn ni ọkọ̀.

Ìṣòro wágùnnù òfìfo

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìbéèrè kẹta: kí ni wágùnnù yóò gbé padà? Ìbéèrè yìí ni ó ń dààmú gbogbo ọ̀gá rélùwéè ní gbogbo ayé. Wágùnnù tí ó gbé ẹ̀pà wá sí Èkó gbọ́dọ̀ padà sí Kánò kí ó tó lè gbé òmíràn. Bí kò bá rí ẹrù gbé lọ, òfìfo ni yóò lọ. Èédú tí ẹ́ńjìnnì yóò jó, omi tí yóò mu, owó ọ̀yà dírẹ́bà àti ti ẹni tí ń kó èédú sí iná kò tìtorí pé wágùnnù ṣófo di ọ̀fẹ́. Iyọ̀, aṣọ, símẹ́ǹtì, epo òyìnbó àti irinṣẹ́ ni ó ń gòkè, ṣùgbọ́n wọn kò wúwo tó ohun tí ń sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ tí ń ta irè oko tí ń ra ọjà ilé iṣẹ́, ẹrù tí ó ń kó jáde ní láti ju èyí tí ń wọlé lọ. Ẹni tí ó bá ka iye wágùnnù òfìfo tí ń gòkè ti ka ìwé ọrọ̀ ajé ìgbà òyìnbó láì ṣí ewé kan.

Ìṣòro náà tún le sí i nítorí àkókò. Kòkó a máa pọ̀ láti oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìgbà náà gan-an ni àgbẹ̀ Kánò ń kó ẹ̀pà rẹ̀ wá sí ọjà. Nítorí náà, gbogbo ilẹ̀ ń ké pe wágùnnù lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí òjò bá sì dé, ọ̀pọ̀ wágùnnù kan náà yóò dúró láìníṣẹ́.

Ojú irin ẹyọ kan sì ni. Ọkọ̀ tí ń gòkè àti èyí tí ń sọ̀kalẹ̀ kò lè yàgò fún ara wọn àfi ní ìdíkọ̀ tí irin bá ti pín sí méjì. Dírẹ́bà kò gbọdọ̀ kúrò ní ìdíkọ̀ kan láì gba àṣẹ pé ọ̀nà tí ó wà níwájú òun ṣófo. Nítorí náà, ọkọ̀ ẹrù a máa dúró fún ọkọ̀ èrò, a sì máa dúró fún ọkọ̀ ẹrù ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń bọ̀. Iye ọkọ̀ tí ó lè kọjá lójúmọ́ wà lọ́wọ́ ibi tí ìdíkọ̀ méjì ti jìnnà sí ara wọn jù lọ. Ìwúwo ọkọ̀ náà sì wà lọ́wọ́ òkè tí ó ga jù lọ lójú ọ̀nà, nítorí ohun tí ẹ́ńjìnnì kò bá lè fà gun orí òkè yẹn, kò lè fà á dé Èkó. Ní ìdíkọ̀ ńlá, àwọn òṣìṣẹ́ a máa to wágùnnù ní ẹsẹẹsẹ, kí èyí tí yóò kọ́kọ́ já sílẹ̀ lójú ọ̀nà lè wà níbi tí yóò ti rọrùn láti tú u. Gáàdì a jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá pẹ̀lú bíréèkì rẹ̀ àti ìwé ẹrù, nínú èyí tí a kọ ohun tí ó wà nínú wágùnnù kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó fi ránṣẹ́, àti ibi tí ó ń lọ.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣòro láti rí ẹ́ńjìnnì àti irinṣẹ́ tuntun rà. Lẹ́yìn ogun, ẹ̀pà ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ti mú rélùwéè. Àpò ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ sí í ga ní Kánò bí òkè, àwọn òkìtì onígun tí àwòrán wọn wà nínú ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. A fi wọ́n yangàn gẹ́gẹ́ bí àmì ọrọ̀, àmì ọrọ̀ náà sì ni wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rélùwéè, àmì mìíràn tún ni: ẹrù tí kò rí ọkọ̀. Láti 1948 ni àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá tuntun, tí a fi orúkọ odò pè, bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ilé iṣẹ́ Vulcan Foundry àti àwọn mìíràn ní Ìlú Ọba, kí wọ́n lè fa òkè ẹ̀pà náà wálẹ̀.

Àwọn tí ó ń fi ọwọ́ ṣe é

Èédú tí àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ń jó jẹ́ ẹrù fúnra rẹ̀. Ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ní Enúgu, irin sì so Enúgu mọ́ Port Harcourt ní 1916. Kí ọ̀nà Ìlà-Oòrùn tó bá ti wa pàdé ní Kàdúná ní 1927, ọ̀nà òkun nìkan ni èédú náà lè gbà dé Èkó láti bọ́ àwọn ẹ́ńjìnnì tiwa. Afárá orí odò Bénúè ní Makurdi, tí wọ́n ṣí ní 1932, ni ó wá jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá tààrà láì gun orí omi.

Owó tí àwọn tí ń wa èédú náà ń gbà kò tó nǹkan. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, nígbà tí ìjà wà láàárín wọn àti àwọn ọ̀gá wọn, ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn ní Iva Valley, awakùsà 21 sì kú. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti wà níwájú nínú ìyanṣẹ́lódì ńlá tí ó kan gbogbo ilẹ̀. Ọjà ti gbówó lórí nítorí ogun, owó oṣù kò yẹ̀ kúrò níbi tí ó wà. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ó ju oṣù kan lọ kí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ọkọ̀ ẹrù bá dúró, ìjọba náà dúró. Ìyanṣẹ́lódì náà fi hàn gbangba pé ẹni tí ń to wágùnnù, ẹni tí ń di irin mú, ẹni tí ń bomi sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní agbára tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lọ́rì ti ń bá rélùwéè du kòkó láti àárín ogun méjèèjì. Lọ́rì lè wọ oko, kò sì ní kí àgbẹ̀ dúró de fèrè. Ní 1955 ni a sọ rélùwéè di Nigerian Railway Corporation. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ẹ́ńjìnnì eléèédú díẹ̀díẹ̀, títí èéfín fi kúrò lójú ọ̀nà náà.

Ohun kékeré tí ó ń béèrè ìbéèrè ńlá

Nísinsìnyí ni mo wá dé ọ̀dọ̀ àwọn alàwòṣe. Ọkọ̀ ojú irin kékeré bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣeré ọmọdé. Ní 1891 ni ilé iṣẹ́ Märklin ní Jámánì gbé ojú irin ìṣeré tí ìbú rẹ̀ ní ìwọ̀n pàtó jáde. Ní 1920 ni Frank Hornby ní Liverpool bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀, èyí tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ wáyà yí. Ọkọ̀ ìṣeré wọ̀nyí ń yí po, wọ́n ń yí po, wọn kò dé ibì kankan.

Ṣùgbọ́n àwọn kan dàgbà tí wọn kò fi í sílẹ̀. Yíyípo lásán kò tó wọn mọ́. Wọ́n ní, bí wágùnnù èédú bá kọjá níwájú wa, níbo ni wọ́n ti wa èédú náà? Bí ó bá ti já a sílẹ̀, ṣé ó bójú mu kí ó tún kọjá pẹ̀lú èédú kan náà lórí rẹ̀? Nítorí náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé ẹrù kékeré fún wágùnnù kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣe ìwé àkókò, wọ́n sì ń to ọkọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà ti ń tò ó. Frank Dyer, ará Ìlú Ọba kan, gbajúmọ̀ láàárín wọn nítorí pé lórí ọ̀nà kékeré rẹ̀ tí ó pè ní Borchester, wágùnnù kan kì í lọ sí ibì kan láìnídìí. Roye England, ọmọ Ọsirélíà tí ó wá gbé ní Ìlú Ọba, rí i pé àwọn abúlé ìgbèríko tí òun fẹ́ràn ń parẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n ní kékeré, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin wọn. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon ti jáde ní 1954.

Kí àwa má sọ pé àjèjì ni ọgbọ́n yìí sí wa. Thomas Ọ̀nà Odùlàtẹ́, agbẹ́gilére ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gbẹ́ àwọn òyìnbó aláṣẹ àti àwọn ènìyàn ìgbà rẹ̀ ní kékeré, pẹ̀lú fìlà wọn, ìwé wọn àti ohun tí wọ́n ń gùn. Ẹni tí ó bá wo ère rẹ̀ dáadáa mọ ìgbà náà ju ẹni tí ó ka ìwé ìròyìn ìjọba nìkan lọ.

Jẹ́ kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan láàárín wa fẹ́ ṣe àwòṣe ojú irin Èkó. Bí ó bá dín ohun gbogbo kù sí ìdá kan nínú 64, irin àwòṣe tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16 àbọ̀, tí ó wà lórí àtẹ káàkiri ayé, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íǹṣì mẹ́fà wa mu gẹ́lẹ́. Àwọn kan ní Ọsirélíà, níbi tí ìbú irin tiwa yìí wà ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wágùnnù tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 32 yóò di íǹṣì mẹ́fà. Ọgbọ̀n irú rẹ̀ yóò gba ẹsẹ̀ bàtà 15. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, lẹ́yìn tí a ti dín in kù báyìí, yóò ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì méjì! Kò sí yàrá tí ó gbà á. Nítorí náà, yóò ní láti yan ibì kan, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀tàn nìyẹn.

Ká ní ó yan àgbàlá ẹrù ní Ìbàdàn. Yóò ní láti yan ọdún pẹ̀lú. Bí ó bá mú 1913, kò gbọdọ̀ fi èédú Enúgu sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, nítorí a kò tíì wà á. Wágùnnù láti Kánò ní láti ti gun ọkọ̀ omi sọdá ní Jẹ́bà. Ẹrù tí ń sọ̀kalẹ̀ kò tíì lè máa lọ sí èbúté Àpápá, nítorí ọdún 1926 ni a ṣí i. Bí ó bá mú 1950, gbogbo èyí ti yí padà: ẹ́ńjìnnì olórúkọ odò ti dé, lọ́rì wà lẹ́nu géètì tí ó ń du kòkó, ṣùgbọ́n kò sí símẹ́ǹtì Ewékorò, nítorí 1960 ni ilé iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń kọ̀wé lè fi gbólóhùn kan bo ohun tí kò dá a lójú mọ́lẹ̀. Ẹni tí ń ṣe àwòṣe kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ bóyá ìlẹ̀kùn wágùnnù obì wà ní pípadé tàbí ní ṣíṣí, àwọ̀ tí a kùn ún, ẹni tí ó dúró tì í, ibi tí aláàárù gbé àpò sí kí ó tó gbé e wọlé.

Ìbéèrè wọ̀nyí ní ẹni tí ó lè dáhùn wọn. Díẹ̀ nínú àwọn tí ó to wágùnnù ní Ìddó, ní Ìbàdàn, ní Ọ̀fà àti ní Òṣogbo ṣì wà láàyè, àwọn ọmọ wọn sì wà pẹ̀lú wọn. Àwọn ìyá tí ó fi obì ránṣẹ́ lókè rántí orúkọ àwọn tí ń gbà á ní Kánò. Ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, níbi tí ilé iṣẹ́ ńlá rélùwéè wà, ẹgbẹ́ Legacy ti tún ilé àtijọ́ kan ṣe, tí à ń pè ní Ilé Jaekel, wọ́n sì fi í pa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ojú irin mọ́. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ilé kan kò lè gba ohun tí ó wà nínú orí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ tuntun ti ń rìn láti Èkó sí Ìbàdàn lórí irin gbòòrò tí ìbú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti Ìlú Ọba. Nígbà tí wọ́n ṣí i, èrò ọkọ̀ ni àwọn ìwé ìròyìn kọ nípa rẹ̀: àga rírọ̀, afẹ́fẹ́ tútù, wákàtí tí ó gbà. Ìbéèrè wágùnnù kò sì yí padà láti 1901. Kí ni yóò máa gbé sọ̀kalẹ̀? Ta ni yóò ni ẹrù náà? Kí ni yóò gbé gòkè padà? Ní ìgbà àkọ́kọ́, àgbẹ̀ Kánò àti olóbì Agége ni ó dáhùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mú ìwé àti gègé, kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn àgbà rélùwéè ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi tí ń bọ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí wágùnnù kan ṣoṣo, kí wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀.